Obì Gbànja àti Ilẹ̀ Oko: Ọrọ̀-Ajé Agége àti Alímọ̀ṣọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Bí a bá ń ka iṣẹ́ òòjọ́ àwọn Yorùbá, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ọkọ́, àdá àti oúnjẹ ẹnu ni àlàyé wa sábà máa ń mọ sí, bí ẹni pé àgbẹ̀ kò ní òwò kankan í ṣe. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àlàyé bẹ́ẹ̀ kò kún tó, àti pé ẹ̀rí wà nítòsí. Orí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko rí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Agége wà, ìlú kékeré tí irè oko sọ di ìlú olókìkí. A ó yẹ ìdìde ọrọ̀-ajé náà wò, a ó wo ohun tí ó yí i padà, a ó sì sọ bí olùkọ́ ṣe lè fi í kọ́ni.

2.0 Láti orí kòkó dé orí gbànja

Kòkó ni ó kọ́kọ́ gbòde. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J.P.L. Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró tí gbèsè ti ba òwò rẹ̀ jẹ́ ní Èkó, dá oko kòkó sí Ìjàn lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker dá oko ńlá sí Ìfàkò. Coker yìí wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní ọdún 1901. Ní ọdún 1907, òun àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀.

Oko wọn kò mọ ní ti ọmọ àti ìyàwó nìkan. Wọ́n gba lébìrà láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń padà sílé, wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ ọ̀gbìn kòkó lọ. Àwọn ọmọ ìjọ African Church náà ń tan ìmọ̀ yìí ká bí wọ́n ti ń tan ìyìn rere. Nípa bẹ́ẹ̀, Agége jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí kòkó ti gbilẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ wa.

Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ olóko lọ́rùn. Obì gbànja ni wọ́n wá gbójú lé. Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ níhìn-ín. Àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ ju méjì lọ, ni a fi ń bọ òrìṣà. Gbànja aláwẹ́ méjì ni àwọn ará Òkè Ọya fẹ́ràn láti máa jẹ. Ojú irin tí a ṣí dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Agége kọjá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra ní Èkó dé Kánò. Àwọn Hausa oníṣòwò tẹ̀dó sí Agége láti máa ra obì.

Iṣẹ́ pọ̀ nínú òwò yìí. Bí a bá ká obì tán, a ó la èèpo rẹ̀. A ó rẹ hóró rẹ̀ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó dì í sínú agbọ̀n tí a fi ewé tútù tẹ́, kí ó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ahunagbọ̀n, aláwẹ́wé, alágbàrù àti alájàpá ń jẹ lára igi obì kan náà tí olóko ń jẹ lára rẹ̀.

3.0 Ohun tí ó yí ọrọ̀-ajé náà padà

Irè tí ó sọ ìlú di ńlá ní ohun tí ó gbé e ró. Bí ìyẹn bá yẹ̀, irè náà yóò yẹ̀. A lè fi ìlú Rafsanjan ní ilẹ̀ Iran, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Páṣíà, ṣe àkàwé. Èso pistachio ni ó sọ ìlú náà lórúkọ, bí obì ti sọ Agége. Ilẹ̀ gbígbẹ ni agbègbè náà, omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì gbára lé. Nígbà tí kànga jíjìn ẹlẹ́rọ pọ̀ jù, omi náà ń lọ sílẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ọgbà sì gbẹ.

Ní tiwa, kì í ṣe omi ni ó tán bí kò ṣe ilẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbé obì jáde náà ni ó gbé ẹni tí ń wá ibùgbé wọlé. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó. Àbẹ̀sàn ní Ìpájà jẹ́ ọ̀kan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Owó tí obì yóò pa ní ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún akọ́lé lè rí i gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kò lè dá ẹbí tí ó tà á lẹ́bi ní tààrà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti da kọnkéré lé kò ní padà di oko mọ́.

4.0 Ìwúlò rẹ̀ fún olùkọ́

Bí ilẹ̀ ti ń lọ, èdè oko ń bá a lọ. A máa ń pa á lówe pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní igba ni òun gbin, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. A tún máa ń sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ebè rí, tí kò sì mọ ààlà oko, lè ka òwe wọ̀nyí lórí láìmọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Nítorí náà, a dábàá pé:

(i) kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àdúgbò. Oko-Ọba àti Abúlé Ẹ̀gbá ṣì ń jẹ́rìí pé oko àti abúlé wà níbẹ̀ rí;

(ii) kí ó mú àbàtà àti gbànja wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ pa wọ́n, kí wọ́n ka awẹ́ wọn;

(iii) kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn olóbì ọjà Ìkòtún àti àwọn àgbà Àwórì, láti gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn;

(iv) kí ó fi Agége ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbẹ̀ aroko-jẹ àti àgbẹ̀ aroko-tà, kí ó sì fi ẹgbẹ́, gbèsè, owó iṣẹ́ àti ojú irin kún ọkọ́ àti àdá.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Agége jẹ́ òwò tí ó so Èkó mọ́ Kánò, tí ó sì tan ìmọ̀ kòkó ká ilẹ̀ Yorùbá. A rí i pẹ̀lú pé ilé ti gba ilẹ̀ tí ó gbé e ró. Olùkọ́ kò lè gba ilẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wa. Ọmọ tí kò mọ̀ pé oko ni àdúgbò òun rí yóò máa ka èdè àgbẹ̀ sí èdè ará oko, yóò sì máa tijú rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé orí òwò àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ni a kọ́ ìlú tí ó ń gbé lé.