Lésà Kò Lójú

Ìbéèrè: Dókítà, wọ́n ní dísíìkì bàbá mi kan ti yọ níbi ìbàdí. Ìrora náà ti ń já wá sí ẹsẹ̀ òsì wọn láti oṣù kan. Ilé ìwòsàn kan ní àwọn lè fi lésà ṣe é láì la ẹ̀yìn wọn, pé kọ̀ǹpútà ló máa júwe ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ gún ibi tí kò yẹ. (Ọmọ wọn, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn bàbá. Ẹ̀rù yín ní ìdí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: níbi ìbàdí nísàlẹ̀, okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí lókè. Àwọn iṣan tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ara nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn náà kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Lésà kò lójú. Ibi tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí ló máa jó. Ọdún 1986 ni Peter Ascher àti Daniel Choy kọ́kọ́ fi ṣe ìtọ́jú dísíìkì fún aláìsàn, ní Graz, lórílẹ̀-èdè Austria. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì bọ inú dísíìkì. Lésà á gba inú abẹ́rẹ́ náà kọjá, á jó díẹ̀ dànù nínú ohun rírọ̀ tó wà láàárín, kí dísíìkì lè dẹ̀ lára iṣan. X-ray ni wọ́n fi ń wo orí abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń wọlé.

Ti kọ̀ǹpútà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á de irin kékeré kan tó ní àwọn bọ́ọ̀lù dídán mọ́ eegun aláìsàn, wọ́n á sì ya àwòrán CT rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Kámẹ́rà kan á máa wo irin yìí àti irinṣẹ́ ọwọ́ dókítà, kọ̀ǹpútà á sì máa fi orí irinṣẹ́ náà hàn lórí àwòrán. Ó dára gan-an, pàápàá fún àwọn tí wọ́n ń de ìdè irin mọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ni dókítà ń wò. Bí ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan bá kan irin yẹn tó sì yẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀. Á kàn máa tọ́ka síbi tí irinṣẹ́ kò sí. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń fi orí irinṣẹ́ kan eegun tó dá lójú, kó wò ó bóyá àwòrán gbà pẹ̀lú rẹ̀, kó tó tẹ̀síwájú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ka eegun, torí àwọn kan ní eegun ìbàdí 6 dípò 5, èèyàn sì lè tibẹ̀ ṣe dísíìkì tí kò ṣe nǹkan kan.

Bí ègé dísíìkì bá ti já kúrò, tàbí tó bá jẹ́ eegun ló há iṣan mọ́, lésà inú abẹ́rẹ́ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Àwòrán MRI ló máa sọ èyí. Ìrora irú ti bàbá sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìṣe iṣẹ́ abẹ rárá, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú.

Àfi bí bàbá kò bá lè tọ̀ mọ́, tí wọn kò mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń bọ́, tí àárín itan wọn kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ sí i. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.