Èdè Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Tí Ooru Mú: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Àròkọ Aṣàlàyé

Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ké oríkì, tó sì mọ òwe lóríṣiríṣi, sábà máa ń yà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kété tí olùkọ́ bá ní kó ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ kan kò fi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé èdè náà kò lágbára tó. Àwọn mẹkáníìkì àti ríwáyà ń fi Yorùbá ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Inú kíláàsì ni kò tíì dé.

Àpẹẹrẹ tó bá ẹ̀kọ́ yìí mu ni Peugeot 504 oníkabúrétọ̀, irú ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ọkọ̀ náà rìn dé ọjà nínú ooru oṣù Kẹta, awakọ̀ gbé e sí inú oòrùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ó padà dé, ọkọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, omi àti fáànù ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ooru inú irin náà kò lọ. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń kó jọ sí. Àwọn èròjà kan nínú epo bẹntiróòlù ti ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 Sẹ́ńtígíréèdì. Epo inú kabúrétọ̀ lè hó kó sì ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì ju bó ti yẹ lọ, tàbí kí afẹ́fẹ́ epo dí ọ̀nà tí pọ́ǹpù fi ń fa epo. Ooru a sì máa gbẹ omi bátìrì, nítorí náà kì í ṣe epo nìkan ni ẹjọ́ náà lè kàn.

Ọmọ iṣẹ́: Ọ̀gá, mo ti yí kọ́kọ́rọ́. Ó kàn ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni.
Ọ̀gá: Bó bá ń dún bẹ́ẹ̀, iná bátìrì ni kò tó, tàbí kí orí rẹ̀ ti dọ̀tí. Nù ún, kí o sì dè é le.
Ọmọ iṣẹ́: Ó ti ń yí báyìí, ṣùgbọ́n kò gbiná. Òórùn epo sì pọ̀, sà.
Ọ̀gá: Epo ti ní láti pọ̀ jù. Tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí o wá yí kọ́kọ́rọ́.
Ọmọ iṣẹ́: Bí kò bá sí òórùn epo ńkọ́, sà?
Ọ̀gá: Ó lè jẹ́ pé epo kò dé kabúrétọ̀. Fi àkísà tí o rẹ sómi lé pọ́ǹpù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, kí ríwáyà wá wo kọ́ìlì àti iná pílọ́ọ̀gì.

Ìlò èdè inú ìtàkùrọ̀sọ yìí ni ẹ̀kọ́ gan-an. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan awẹ́ gbólóhùn afarahẹ tó ní *bí...bá*, ọ̀gá máa ń dárúkọ ohun tí wọn yóò fi dán an wò tàbí ohun tó fi hàn. *Ti ní láti* dúró lórí ẹ̀rí òórùn. *Ó lè jẹ́* kò tíì rí ẹ̀rí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán: ẹni tó bá sọ pé "kíkì ló bàjẹ́" níbi tó yẹ kó sọ pé "ó lè jẹ́ kíkì" yóò mú kí onímọ́tò ra kíkì tuntun, nígbà tó jẹ́ pé orí bátìrì ló dọ̀tí. *Kání* ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn tí ìdí bá ti hàn: kání awakọ̀ gbé e sí ibòòji ni. Bákan náà, ìfohùngbohùnyọ bíi *kẹ́-kẹ́-kẹ́* kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ewì níbí, ẹ̀rí ni.

Kí olùkọ́ má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí *bátìrì* tàbí *pílọ́ọ̀gì*. Ọ̀rọ̀ tuntun tí kò sí mẹkáníìkì tó gbọ́ ọ rí kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ Hausa ní Kano tàbí ti Igbo ní Nnewi lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ń lò. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ irú ìtàkùrọ̀sọ bẹ́ẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kí *bí...bá*, *ti ní láti* àti *ó lè jẹ́* sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rí tó gbè é.