Nọ́ńbà Ta Lo Mú Yẹn?

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni tòní, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà ọlidé, mo fi MySQL ṣe database fún àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Anthony níbí. Tábìlì kan wà fún orúkọ oníbàárà, ìkejì wà fún ìwọ̀n ara wọn. Bí orúkọ bá ti wọlé, database fúnra ẹ̀ ló ń fún un ní nọ́ńbà; AUTO_INCREMENT ló ń ṣe é. Nọ́ńbà yẹn la fi ń so ìwọ̀n mọ́ ẹni tó ni ín.

Báwo ni mo ṣe ń mọ nọ́ńbà náà? Mo kàn ń béèrè èyí tó tóbi jù:

SELECT MAX(id) FROM onibara;

Lórí kọ̀ǹpútà kan, kò sí wàhálà. Ìgbà tí a fi ìkejì kún un ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo kọ orúkọ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gba 41. Kí n tó béèrè, ọmọ iṣẹ́ àǹtí mi ti kọ orúkọ ìyá kan tó sanra, ó gba 42. Ni mo bá mú 42! Ìwọ̀n méjì wá wà lábẹ́ orúkọ ìyá, ti àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà gbé jáde. Wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ gé léèsì ìyá. Àǹtí mi ló ra òmíràn.

Ẹ wò ó, MAX ń sọ ẹni tó dé kẹ́yìn, kì í sọ ẹni tí èmi mú wọlé. Tí o bá gba káàdì ní ọsibítù, ṣé tìẹ lo máa wò àbí ti ẹni tó wọlé lẹ́yìn ẹ?

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é rèé:

INSERT INTO onibara (oruko) VALUES ('Bisi');
SELECT LAST_INSERT_ID();

MySQL ń tọ́jú nọ́ńbà yìí fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá kọ lórí ìsopọ̀ tiẹ̀ ò lè yí tìẹ padà. Àmọ́ orí ìsopọ̀ kan náà ni kí o ti béèrè, kí o tó kọ nǹkan míì. Tí o bá fi INSERT kan kọ ènìyàn mẹ́ta, nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ ló máa fún ẹ.

Ní PostgreSQL, fi RETURNING id parí INSERT ẹ. Ní SQLite, last_insert_rowid() ni.

Iṣẹ́ ilé: ẹ̀yin méjì, ẹ ṣí ìsopọ̀ méjì, kí kálukú kọ orúkọ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè nọ́ńbà lọ́nà méjèèjì. Ẹ máa rí i pé MAX ò mọ ẹnì kankan nínú yín.