Kí a tó ta ilé Màmá Àpáta

Ọdún kẹta ni mo wà lẹ́ka wa yìí nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi fẹ́ ta ilé rẹ̀ tó wà ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni. Owó aṣọ tó ń tà ní Gbági ló fi kọ́ ọ, owó ilé náà la sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún rẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá. Àwọn tó ń wá wò ó á dé pálọ̀, wọ́n á wòkè wolẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "à ń bọ̀" túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rajà.

Èmi tí mo ń kọ́ nípa ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa home staging nígbà náà, ìyẹn títún ilé tò kó lè wu ẹni tó fẹ́ rà á. Ní Amẹ́ríkà, Barb Schwarz tó ń bá èèyàn ta ilé ní agbègbè Seattle ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1972. Èrò wọn ni pé kí ẹni tó wọlé má máa rí onílé. Ara rẹ̀ ni kó máa rí níbẹ̀.

Pálọ̀ Màmá kún dẹ́nu: àga ńláńlá méje, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtọdúnmọ́dún, abọ́ ìrántí ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Mo ní ká kó wọn. Màmá wò mí. "Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi ń pín ẹrù mi?"

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo wá bi wọ́n pé, "Mà, ní Gbági, ṣé inú ìdì lẹ ti máa ń fi aṣọ han oníbàárà, àbí ẹ máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kó o. Ṣùgbọ́n fọ́tò bàbá yín, èmi ni màá fọwọ́ ara mi gbé e kalẹ̀."

Nígbà tí a gbé wọ́dúróòbù kúrò ní yàrá ẹ̀yìn la rí i: ògiri ti rin, ọ̀dà ti ń wú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kan kùn ún, ta ló máa mọ̀? Mo kọ̀. Ọ̀dà kì í dúró lára ògiri tó tutù, kò ní pẹ́ tó máa tún wú. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ní kí olùrà la ojú rẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni tó kàn dákẹ́ mọ́. Ẹ̀tàn ló ṣe, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́.

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ kankan, ẹ wo ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ògiri ti ń fa omi. Bó bá wà láàárín, tí bálùwẹ̀ sì wà lódì kejì, ẹ fura sí páìpù. Tiwa, òkè ni. Káfíńtà rí ìṣó mẹ́ta tó ti yọ lórí páànù. Ó tún un ṣe, a fi ògiri sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbẹ, lẹ́yìn náà la tó kùn ún. A tọ́jú rìsíìtì káfíńtà.

Ìyókù kò le: a fọ fèrèsé, a pààrọ̀ gílóòbù, a gé koríko, a fọ tánkì. Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí C of O, a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lójú tèmi, ìwé yẹn ju ọ̀dà lọ. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó di ti ẹlòmíràn, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sì pé, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ẹnì kejì tó wá lẹ́yìn náà mú bíríkìlà tirẹ̀ dání. Bíríkìlà kan ògiri, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó béèrè ìdí tí ògiri yàrá ẹ̀yìn fi tuntun ju ìyókù lọ. A fi rìsíìtì hàn án, a sọ bó ṣe jẹ́. Agbẹjọ́rò wọn lọ yẹ ìwé wò ní Agodi, ó sì bára mu.

Ṣé iye ilé náà wá lọ sókè? Ibí yìí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ ohun tí mo kà jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ díye lé ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ilé tó jọ ọ́ tí wọ́n ti tà ládùúgbò ni yóò fi wé e. Kò ní ka àga àti kàlẹ́ńdà mọ́ ọn. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé owó tí a pè. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán, torí wọn ò rí ibi tí wọ́n á ti máa gé e. Olùrà tó bá rí àbùkù kan máa ń yọ owó mẹ́wàá mìíràn tí kò rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ síwèé, ìyàwó ẹni tó rà á béèrè bóyá fáànù àti kọ́tìnì máa bá ilé lọ. Lófin, ohun tó lẹ̀ mọ́ ilé ló ń bá ilé lọ, àmọ́ fáànù òkè àjà máa ń dá ìjà sílẹ̀, la bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà pẹ̀lú ilé. Màmá ní kọ́tìnì ń bá òun lọ.