Bí A Ti Ń So Ínfátà Mọ́ Bátìrì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́



Bí ẹ bá lọ ra kòkó ní abúlé tí iná kò dé, òṣùwọ̀n oníná àti kọ̀ǹpútà alágbèéká akọ̀wé yín lè gba iná láti ara bátìrì ọkọ̀, bí ẹ bá ní ínfátà. Ṣùgbọ́n wáyà tí a so lọ́nà àìtọ́ lè jó ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní, àti ẹrù inú rẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fóòtì 12. Ínfátà a máa sọ iná rẹ̀ di fóòtì 230, irú èyí tí a ń lò nínú ilé. Iná yìí lè pa ènìyàn. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gba wáàtì 65, tí òṣùwọ̀n ń gba 10, tí ẹ̀rọ tí ń tẹ rìsíìtì sì ń gba 25, àpapọ̀ wọn jẹ́ 100. Ínfátà wáàtì 300 tó fún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹ má so ẹ̀rọ ìlọta tàbí fíríìjì mọ́ ọn, nítorí ohun tí ó ní mọ́tò a máa fa iná ní ìlọ́po púpọ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra.

Bí a bá fi 12 pín 300, a ó rí áńpì 25. Pẹ̀lú èyí tí ń ṣòfò, ẹ kà á sí 30. Ihò ìtanná sìgá inú ọkọ̀ kò lè gbé e. Láti orí bátìrì ni wáyà gbọ́dọ̀ ti wá.

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti ínfátà. Ẹ gbé ínfátà sí ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó jìnnà sí pẹtiróòlù àti oògùn kòkòrò.

2. Ẹ lo wáyà bàbà nọ́ḿbà 10, pupa àti dúdú, kí ó má gùn ju mítà 2 lọ. Níbi tí ó bá ti gba ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà.

3. Ẹ fi ilé fíúsì sára wáyà pupa, kí ó má jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹ má tíì fi fíúsì sínú rẹ̀.

4. Ẹ so wáyà pupa mọ́ àmì +, kí ẹ sì so dúdú mọ́ àmì − kẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan fún èkejì, ínfátà lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

5. Ẹ wá fi fíúsì áńpì 40 sí i. Ẹ tan ínfátà, kí ẹ sì so àwọn ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà bá ń gbóná, ẹ pa á.

Ẹ má ṣe fojú kéré fíúsì yìí. Wáyà ni ó ń ṣọ́. Bí ara wáyà pupa bá bó tí ó sì kan irin ọkọ̀, yóò pọ́n bí irin inú ilé arọ, àfi bí fíúsì bá tètè jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fíúsì sí ẹ̀bá ínfátà, wáyà tí ó wà láàárín rẹ̀ àti bátìrì kò ní olùṣọ́. Bí fíúsì bá sì jó, ẹ wá ohun tí ó fà á. Ẹ má fi ìṣó tàbí wáyà dí ipò rẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀ kò fẹ́ kí a fa òun gbẹ. Bí iṣẹ́ yóò bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ lè kọ̀ láti ṣíná nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà sílé. Ìta gbangba ni kí ọkọ̀ wà: èéfín rẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a tì pa a máa pa ènìyàn.

Bí iṣẹ́ yìí bá ṣòro fún yín, ẹ pe rìwáyà, kí ẹ sì dúró tì í. Kí ẹ tó san owó rẹ̀, ẹ bi í pé: “Níbo ni fíúsì wà?” Ẹ jẹ́ kí ó fi hàn yín.