OJÚ ỌJỌ́ ÀTI IBÙGBÉ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ KÍ A TÓ FI ÌDÍ KALẸ̀ SÍ ÌLÚ KAN

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ohun kan tí a sábà máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń wá ibi tí a ó máa gbé. Bí a bá fẹ́ ra ilẹ̀, a máa ń béèrè iye rẹ̀. A máa ń béèrè bóyá ọmọ onílẹ̀ kò ní yọ wá lẹ́nu, àti bí ó ti jìnnà sí títì tó. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè bí òjò, ooru àti ọyẹ́ ibẹ̀ ti rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ kan tí onílé kò ní bá ojú ọjọ́ gbé. A lè ta mọ́tò tí kò bá wù wá mọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a fi owó iṣẹ́ ogún ọdún kọ́ kì í ṣe ohun tí a lè gbé rù kúrò níbi tí omi ti ń yọ.

1. Oríṣi ojú ọjọ́ mẹ́ta

Oríṣi kìíní ni ojú ọjọ́ tí kì í yí padà púpọ̀. Quito, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní oṣù gbogbo, ooru ọ̀sán ibẹ̀ kò jìnnà sí 20 dígírì, òtútù òru kò sì jìnnà sí 10 dígírì. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ ní oṣù kìíní ni yóò wọ̀ ní oṣù keje.

Oríṣi kejì ni èyí tí ń yí padà, ṣùgbọ́n tí a mọ ìgbà tí yóò yí. Ẹ wo Mẹ́kà. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa kọjá 40 dígírì. Bí ó bá di oṣù kìíní, a máa rọ̀ sí bí 30. Kò dúró lójú kan, ṣùgbọ́n kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Oríṣi kẹta ni èyí tí ń yí padà tí a kò sì mọ ìgbà tí yóò yí. Èyí ni ó ń ba àgbẹ̀ nínú jẹ́, tí ó sì ń ba ilé jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ń wá ibùgbé kò ní láti wá ibi tí kò ti gbóná rárá. Ohun tí yóò wá ni ibi tí òun ti lè mọ ohun tí ń bọ̀, kí òun sì múra sílẹ̀ dè é.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó. Ní Hájì ọdún 2024, tí ó bọ́ sí oṣù kẹfà, ooru Mẹ́kà kọjá 50 dígírì. Ìjọba Saudi kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ooru ń bẹ. Àwọn tí kò rí ibi forí pamọ́ sí ni ó pa.

Níhìn-ín, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá ṣàkíyèsí ohun kan. Ìtumọ̀ Rabīʿ ni ìgbà ìrúwé, Ramaḍān sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ooru gbígbóná janjan. Síbẹ̀, Ramaḍān lè bọ́ sí àkókò ọyẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé òṣùpá ni kàlẹ́ńdà Hijrah ń tẹ̀ lé, ọdún rẹ̀ sì fi bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún oòrùn lọ. Oòrùn ni ojú ọjọ́ ń tẹ̀ lé ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí Hájì fi ń yí ká gbogbo ìgbà inú ọdún láàárín nǹkan bí ọdún 33.

2. Ohun tí ń mú kí ojú ọjọ́ dúró lójú kan

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù.

(a) Sísún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Níbẹ̀, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Oòrùn kì í jìnnà púpọ̀, nítorí náà kì í sí ìgbà yìnyín.

(b) Gíga ilẹ̀. Bí a bá ti ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, ní nǹkan bí dígírì 6 fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Quito ga tó 2,850 mítà. Ìdí nìyí tí ó fi tutù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà agbedeméjì ayé kò jìnnà sí i. Nairobi ní ilẹ̀ Kenya ga tó bí 1,700 mítà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Jos ga tó bí 1,200 mítà, òtútù rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí ọ̀dùnkún òyìnbó máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Táífù, tí kò jìnnà sí Mẹ́kà, ga ju 1,800 mítà lọ. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ọlọ́rọ̀ Mẹ́kà ti ń sá ooru lọ síbẹ̀.

(d) Òkun. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìlú tí ó bá wà létí òkun yóò bá òkun pín nínú ìwà yìí. Ẹ fi Èkó wé Kánò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ooru ọ̀sán Èkó kì í sábà lọ sókè ju 33 dígírì tàbí sílẹ̀ ju 28 lọ. Ní Kánò, òru oṣù kìíní lè tutù dé bí 13 dígírì, kí ọ̀sán oṣù kẹrin sì gbóná dé bí 38.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ojú ọjọ́ tí ó dúró lójú kan kì í ṣe ojú ọjọ́ tí ó tura dandan. Ooru Èkó dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ooru ni.

3. Bí àwọn ará ìṣáájú ṣe yan ibùgbé

Súúrà 106 nínú Al-Kùránì dárúkọ ìrìn-àjò méjì tí ẹ̀yà Quraysh ń rìn, ti ìgbà òtútù àti ti ìgbà ooru. Àwọn onítumọ̀ ṣàlàyé pé Yemen ni wọ́n ń lọ nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń lọ sí Ṣáámù nígbà ooru. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Mẹ́kà, kò sí oko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n mọ ìgbà tí ojú ọjọ́ yóò yí, wọ́n fi ìyípadà náà ṣe òwò.

Nígbà tí Khálífà al-Mansur fẹ́ tẹ Baghdad dó ní ọdún 762, òpìtàn al-Tabari ròyìn pé ó pe àwọn tí ń gbé ní abúlé ibẹ̀, ó sì bi wọ́n bí ibẹ̀ ti ń rí nínú ooru àti òtútù, nígbà òjò àti ẹrẹ̀, àti nípa kòkòrò tí ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó rán àwọn ènìyàn tirẹ̀ láti lọ sùn mọ́jú ní àwọn abúlé náà kí wọ́n wá jíṣẹ́ fún un. Síbẹ̀, odò Tigris tí ó fún ìlú náà ní omi àti ọ̀nà òwò ti kún bo apá kan rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ohun tí ó dára ní ibì kan lè jẹ́ ewu ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ibn Khaldun, tí a bí ní Tunis ní 1332 tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, kọ ìwé Muqaddimah ní 1377. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ẹni tí yóò tẹ ìlú dó gbọ́dọ̀ wo afẹ́fẹ́ tí ó mọ́, omi tí ó sún mọ́ ilé, pápá fún ẹran, ilẹ̀ oko àti igi ìdáná. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe yan ibi tí Kufa, Basra àti Kairouan wà: ó ní pápá ràkúnmí àti ọ̀nà aṣálẹ̀ nìkan ni àwọn tí ó tẹ̀ wọ́n dó wò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wò, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀.

4. Ní ilé wa níhìn-ín

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ̀ pé òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹta, pé ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, pé yóò tún padà rọ̀ gidi ní oṣù kẹsàn-án, kí ọyẹ́ tó dé ní ìparí ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọkàn tán oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, ni odò Ògùnpa ya wọ ilé ní Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya ní Ìbàdàn kan náà, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Quito pàápàá, tí ooru rẹ̀ kì í yí, kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ọdún 2022, òjò ńlá fa ẹrẹ̀ wálẹ̀ láti orí òkè wọ àárín ìlú, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 20 lọ. Ooru tí kì í yí kò sọ pé òjò kò ní ṣe bó ti wù ú.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni ríra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù kejì, àbàtà yóò ti gbẹ, ẹsẹ̀ wa yóò sì dúró gbọn-in lórí rẹ̀. Bí oṣù kẹfà bá dé, omi yóò padà wá gba ipò rẹ̀, ilé wa ni yóò sì bá níbẹ̀.

5. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe

(i) Lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ní ọjọ́ kejì òjò ńlá.

(ii) Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ilẹ̀. Wo ara ògiri àwọn ilé ibẹ̀ bóyá ilà omi wà níbẹ̀.

(iii) Wo ìlera àwọn ará ilé rẹ. Òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Eruku ọyẹ́ kò sì bá ẹni tí ó ní ikọ́ fée mu. Ẹni tí ń kó lọ sí apá òkè Hausa kí ó mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn máa ń jà níbẹ̀, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

(iv) Tẹ́tí sí àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí iléeṣẹ́ NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún, nítorí pé ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

(v) Má ṣe da ilẹ̀ sínú gọ́tà, má sì kọ́lé dí ojú ọ̀nà omi. Omi tí a dí lọ́nà yóò wá ọ̀nà gba inú ilé aládùúgbò.

Gbogbo wa kọ́ ni a lè kó lọ sí ibi tí ó wù wá. Iṣẹ́, ẹbí àti owó ni ó mú ọ̀pọ̀ wa dúró síbi tí a wà. Ẹni tí kò lè yan ìlú ṣì lè yan bí yóò ti kọ́ ilé rẹ̀: kí ìpìlẹ̀ ga, kí fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá, kí a gbin igi sí apá ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Kí Ọlọ́run fi ibùgbé rere jíǹkí wa.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ojú ọjọ́ tí kì í yí padà àti èyí tí a mọ ìgbà tí yóò yí?
2. Kí ni ó mú Quito tutù bí ó tilẹ̀ sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé?
3. Kí ni ìdí tí àgbẹ̀ kò fi lè fi oṣù Hijrah mọ ìgbà òjò?
4. Bi àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ léèrè ibi tí omi ti ń ya jù, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.