Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ́ńjìnnì: Ǹjẹ́ Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Lè Gbé Bààlúù Àfọwọ́ṣe?

Ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí wá láti inú ìbéèrè àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Wọ́n ní: “Àfáà, bí ènìyàn bá kan bààlúù kékeré fúnra rẹ̀, ṣé kò lè fi ẹ́ńjìnnì Corolla sí i?” Ìbéèrè náà kò yà wá lẹ́nu. Ìlárá-Mọ̀kín ni a wà, ìlú Olóyè Michael Adé Òjó tí ó dá Elizade sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí orúkọ Toyota ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2012 ni Yunifásítì Elizade náà sì ti wà láàrin wa. Ọmọ mìíràn níbí mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì ju orúkọ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ lọ.

Nínú èdè Lárúbáwá, muḥarrik ni à ń pe ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ṣarfu yóò rí i pé láti ara ḥaraka ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún fatḥa, kasra àti ḍamma. Lẹ́tà tí kò ní ḥaraka yóò dúró jẹ́ẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni bààlúù tí kò ní muḥarrik. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá fi kasra sí ibi tí fatḥa yẹ kí ó wà, ìtumọ̀ ti dàrú.

Owó ni ó ń sún ènìyàn dé ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Lycoming O-360, tí a dìídì ṣe fún bààlúù kékeré, ní agbára ẹṣin 180, ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ ju 30,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti mọ́tò wà káàkiri ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn.

Kì í ṣe òní ni irú èrò yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá Wright pàápàá kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì, wọn kò rí èyí tí ó fúyẹ́ tó. Charlie Taylor, òṣìṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn, ni ó ṣe ọ̀kan fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Agbára ẹṣin 12 péré ni ó ní. Ní ọjọ́ 17 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1903, ó gbé bààlúù wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 12. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbẹ̀: ẹ̀wọ̀n bí ti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ abẹ̀bẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ lè máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ. A ó padà sórí èyí.

Ní 1929, Bernard Pietenpol ní Minnesota ní Amẹ́ríkà fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford Model A sí bààlúù tí ó fi pákó kàn, ó sì fò. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù mú ẹ́ńjìnnì Fọ́kíswágìn, àní Ìjàpá tí àwọn bàbá yín gùn, wọ́n fi sí bààlúù kékeré. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to mọ́tò náà pọ̀ ní Èkó nígbà náà.

Nítòsí wa ńkọ́? Ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àlòkù, agbára ẹṣin 133, kan hẹlikọ́pítà. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò tíì ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. A yìn ín gidigidi. Síbẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí agbára ẹṣin 133 gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí 12 gbé ti Wright? A mọ̀ pé hẹlikọ́pítà kì í ṣe ẹgbẹ́ bààlúù oníyẹ̀ẹ́, agbára púpọ̀ ni ó ń jẹ kí ó tó kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé iye ẹṣin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀.

Ẹ mú bírò. Bí abẹ̀bẹ̀ bá gùn ní mítà 1.8 láti ìkángun dé ìkángun, ṣóńṣó rẹ̀ yóò rin mítà 5.65 ní ìyípo kan. Lycoming ń yí nígbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, èyí jẹ́ 45 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣóńṣó náà ń sáré mítà 254 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìró ohùn ń sáré nǹkan bí 340. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ so abẹ̀bẹ̀ kan náà mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí kì í mú agbára rẹ̀ jáde àfi bí ó bá yí nígbà 5,500. Ṣóńṣó yóò di mítà 518! Bí ó bá ti yára ju ìró lọ, ariwo ni yóò pọ̀, agbára tí ń fa bààlúù yóò sì dínkù. Ìdí nìyí tí Ford Model A fi rọrùn: 2,200 ni ó fi ń mú agbára ẹṣin 40 rẹ̀ wá. Ìjàpá náà, abẹ̀bẹ̀ kúkúrú ni wọ́n ń fún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo Corolla gbọ́dọ̀ wá gíà tí yóò dín ìyípo náà kù. Ibẹ̀ ni ewu ńlá wà. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń gbá kíráńkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ronú ọmọ tí ó wà lórí jáńgílófà: bí ẹ bá ń tì í ní àsìkò tí ó bá ìfì rẹ̀ mu, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi ga kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbá náà ṣe lè bá ìmìtìtì gíà àti abẹ̀bẹ̀ mu, tí irin líle yóò fi ṣẹ́. Mẹkáníìkì tí ó mọ mọ́tò dunjú lè má tíì gbọ́ èyí rí, nítorí nínú mọ́tò, kọ́ọ̀ṣì àti táyà ń gba díẹ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mọ́tò tí ń lọ láti Ìlárá sí Àkúrẹ́ kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ àfi bí ó bá ń ya tírélà sílẹ̀ tàbí tí ó ń gun òkè. Bààlúù ń fi gbogbo agbára gbéra, ó sì ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ́ńjìnnì bààlúù ní máginẹ́tò méjì àti pọ́lọ́ọ̀gì méjì fún pisítìnì kọ̀ọ̀kan, kò nílò bátìrì kí ó tó máa ṣiṣẹ́ lọ. Mọ́tò òde òní ní ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Bí iná bá tán, ẹ́ńjìnnì kú. Lójú títì, ẹ ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Rédíétọ̀ àti gíà tún ń fi kún ìwọ̀n, imú bààlúù yóò sì wúwo. ʿAbbās ibn Firnās ní Kọ́dóbà, tí ó kú ní 887, fi ìyẹ́ fò láìní ẹ́ńjìnnì rárá. Al-Maqqarī sọ pé ó farapa lẹ́yìn nígbà tí ó ń balẹ̀, nítorí pé kò ronú kan ìrù.

Ọmọ kan béèrè nípa jẹnẹrétọ̀ I better pass my neighbour. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó máa tan iná fún wa.

Èrò tiwa ni pé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá sàn ju Corolla lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, a sì lè so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn tààrà. Èyí tí ó tún dára jù ni Rotax 912 ti ilẹ̀ Austria. Ó ń yí nígbà 5,800, ṣùgbọ́n gíà wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 60 lọ, pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, ó sì ń mu epo pẹtiróòlù ti mọ́tò. Ní Kpong ní ilẹ̀ Ghana, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Patricia Mawuli, kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú Rotax àti bí a ṣe ń kan bààlúù kékeré tí ń lò ó. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má na ọmọ tí ó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó de ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ mọ́ irin líle lórí ilẹ̀, kí àgbà tí ó mọ iṣẹ́ dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀, kí ó sì máa ka iye wákàtí tí yóò fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. Fífò ni kò gbọdọ̀ dán wò. Ọwọ́ NCAA ni àṣẹ wà ní ilẹ̀ wa, bààlúù tí wọn kò fún ní ìwé kò gbọdọ̀ gbéra, ìbáà jẹ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ní Amẹ́ríkà, tí òfin gba ènìyàn láàyè láti kan tirẹ̀, wákàtí 25 ni wọ́n sábà máa ń ní kí bààlúù àfọwọ́ṣe fò fún ìdánwò láìgbé èrò, bí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ìjọba ti fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò, 40 ni.